Bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà wo ìrísí àáké òkúta ayé àtijọ́, láti orí fọ́tò dé orí ìṣirò

Àáké òkúta aláìléèkù wà lára àwọn irinṣẹ́ tó pẹ́ jù lọ́wọ́ ọmọ aráyé. Ní Kokiselei, lẹ́bàá adágún Turkana ní Kẹ́ńyà, wọ́n rí èyí tó ti tó nǹkan bí mílíọ̀nù 1.76 ọdún. Ní Boxgrove, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣì ń ṣe é ní nǹkan bí 500,000 ọdún sẹ́yìn. Wọ́n á fi òkúta mìíràn ṣá a ní ojú méjèèjì títí etí rẹ̀ á fi mú, àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n sì fi ń gbá a mú. Ẹnu àwọn kan ṣe ṣóńṣó, àwọn kan rí roboto, ẹnu àwọn mìíràn sì fẹ̀ pẹrẹsẹ. Ohun tí iṣẹ́ yìí wà fún ni láti mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ ìrísí wọ̀nyí tó nǹkan tí a lè wọ̀n, àti ohun tó fà á.

Lọ́dún 1968, awalẹ̀pìtàn Derek Roe fi kalípà wọn àwọn àáké ilẹ̀ Britain. Ó wọn gígùn, ó wọn fífẹ̀, ó sì wọn bí ibi tí àáké ti fẹ̀ jù ṣe jìnnà sí ìdí rẹ̀. Tí ẹ bá fi gígùn pín jíjìnnà yẹn, èsì tí kò bá ju 0.350 lọ jẹ́ ti ẹlẹ́nu ṣóńṣó, 0.351 sí 0.550 jẹ́ ti roboto, èyí tó bá ju 0.550 lọ jẹ́ ti ẹlẹ́nu pẹrẹsẹ. Ìwọ̀n yìí ṣì wúlò, ẹ ó sì fi yẹ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wò níwájú. Àmọ́ àáké méjì lè jọ ní 0.400, kí etí ọ̀kan tẹ̀ wọnú, kí ti èkejì yọ síta. Kọ̀ǹpútà ní tiẹ̀ máa ń gba gbogbo ìlà etí náà yípo, kì í mú ibi mẹ́ta péré.

Orí tábìlì fọ́tò ni iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́, kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ìdí nìyí tí apá tó pọ̀ jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí fi dá lórí fọ́tò àti bí òkúta ṣe dúró.

Ohun tí ẹ máa lò

Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ráàmù rẹ̀ jẹ́ 8GB tó. ImageJ wà fún àwòrán, R wà fún ìṣirò, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Nínú R, ẹ máa fi Momocs kún un, ìyẹn àkójọ àṣẹ fún ìṣirò ìrísí, èyí tí Vincent Bonhomme àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2014. Tí `install.packages("Momocs")` bá kọ̀, ẹ lo `remotes::install_github("MomX/Momocs")`.

Fún fọ́tò, ẹ wá kámẹ́rà tí lẹ́ńsì rẹ̀ wà láàárín 60mm àti 100mm, ẹsẹ̀ kámẹ́rà tó lè dojú kọ ilẹ̀, gílóòbù méjì, aṣọ àrán dúdú, rúlà kékeré tí mìlímítà rẹ̀ hàn dáadáa, kalípà, pláásítisínì, àti sípírítì tí àwọn bíríkìlà fi ń wo ìdọ́gba. Lẹ́ńsì fífẹ̀ inú fóònù máa ń tẹ ẹ̀gbẹ́ àwòrán. Tó bá jẹ́ fóònù nìkan ló wà, ẹ lo lẹ́ńsì rẹ̀ tó ń fa nǹkan súnmọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí òkúta wà ní àárín gbùngbùn àwòrán.

Ẹni tí kò ní òkúta kankan lọ́wọ́ náà lè ṣe iṣẹ́ yìí. Fọ́tò àáké tó ju 3,000 lọ, láti Áfíríkà àti Yúróòpù, wà ní Archaeology Data Service ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ìwọ̀n wọn, ọ̀fẹ́ sì ni.

Yíyan àwọn òkúta

Ẹ yọ àwọn tí ṣóńṣó tàbí ìdí wọn ti kán kúrò. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ya ibi tó kán padà, torí ohun tí ẹ bá yà síbẹ̀ ni kọ̀ǹpútà máa kà sí iṣẹ́ ẹni tó ṣe àáké náà. Bí etí bá kàn ṣẹ́ díẹ̀, tí kò ju mìlímítà 2 tàbí 3 lọ, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú tábìlì.

Àáké 30 láti ibì kọ̀ọ̀kan ni ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ fi ibi kan wé òmíràn. Tó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dára jù. Ẹ wádìí bí òkúta ṣe dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn olùkójọ ayé àtijọ́ ń ra àáké lọ́wọ́ àwọn tó ń wa yanrìn, èyí tó gún régé ni wọ́n máa ń mú. Irú àkójọ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi wé èyí tí wọ́n fara balẹ̀ wú láti inú ilẹ̀, tí wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ pátá.

Fọ́tò

Ẹ fi kámẹ́rà sókè, kó dojú kọ tábìlì tààrà. Ẹ gbé sípírítì lé tábìlì, kí ẹ tún gbé e lé ẹ̀yìn kámẹ́rà; méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí lẹ́ńsì jìnnà sí òkúta tó mítà kan ààbọ̀ bí àyè bá gbà yín. Ẹ fi ihò lẹ́ńsì sí f/8 tàbí f/11, ISO sí 100, kí ẹ sì lo ìdádúró ìṣẹ́jú àáyá 2 kí kámẹ́rà má bàa mì nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́.

Ìdí tí jíjìnnà fi ṣe pàtàkì nìyí. Ká ní àáké kan nípọn ní mìlímítà 40. Etí rẹ̀ máa wà ní nǹkan bí mìlímítà 20 sókè tábìlì. Tí rúlà bá wà lórí tábìlì, tí kámẹ́rà sì wà ní mìlímítà 500 sókè, etí náà súnmọ́ kámẹ́rà ju rúlà lọ, yóò sì hàn bíi pé ó fi ìdá 4 nínú 100 tóbi ju bó ṣe rí lọ. Àáké tó gùn ní mìlímítà 120 yóò di 125. Ní mítà kan ààbọ̀, àṣìṣe náà á dín sí bí ìdá 1.4. Ẹ lè pa á rẹ́ pátápátá fún ìwọ̀n gígùn tí ẹ bá fi pákó kékeré gbé rúlà sókè dé ibi tí etí òkúta wà. Tí ẹ bá wà nítòsí jù ṣá o, apá etí tó ga á tóbi ju apá tó rẹlẹ̀ lọ. Rúlà kò lè tún ìyẹn ṣe; jíjìnnà nìkan ló ń wò ó.

Àwọ̀ òkúta ló máa sọ ohun tí ẹ máa tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Òkúta funfun tàbí èyí tí èèpo rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ máa ń yọ dáadáa lórí àrán dúdú. Flint dúdú, ìyẹn òkúta líle tó máa ń dán, kì í yọ lórí àrán. Ẹ gbé e lé gíláàsì tí iná funfun wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí iná abẹ́ gíláàsì náà pọ̀ jù, torí ìmọ́lẹ̀ máa ń jẹ etí tó tín-ín-rín wọlé, àáké á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ fi kalípà wọn fífẹ̀ òkúta márùn-ún àkọ́kọ́, kí ẹ fi wé ohun tí fọ́tò sọ. Tí ìyàtọ̀ bá ju mìlímítà kan lọ, ẹ dá iṣẹ́ dúró kí ẹ tún iná tàbí gíga rúlà ṣe.

Bí òkúta ṣe máa dúró

Ẹ kọ òfin kan sílẹ̀ kí ẹ tó ya fọ́tò àkọ́kọ́, kí gbogbo òkúta sì tẹ̀ lé e. Òfin tí a dámọ̀ràn rè é: ojú tó wú jù wà lókè, ṣóńṣó dojú kọ apá òkè àwòrán, ìlà tó gùn jù láti ìdí dé ṣóńṣó dúró ṣánṣán. Bí àáké bá rí roboto tó bẹ́ẹ̀ tí ṣóńṣó kò hàn, ẹ wo nínípọn rẹ̀: apá tó nípọn jù ni ìdí.

Tí ẹ bá dojú òkúta kan délẹ̀, òsì rẹ̀ á di ọ̀tún. Bí ìdajì àwọn òkúta bá wà ní ọ̀nà kan, tí ìdajì sì wà ní ọ̀nà kejì, gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ nípa ẹ̀gbẹ́ tó wú ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ ti di asán, kò sì sí ìṣirò tó lè tú u.

Kí òkúta lè dọ́gba, ẹ ki pláásítisínì díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rá nylon sáàárín wọn, torí òróró pláásítisínì máa ń wọ òkúta, ó sì lè ba ìwádìí ẹlòmíràn jẹ́, pàápàá àwọn tó ń wá àmì ẹran tàbí igi lára etí. Ẹ wọn gíga etí kúrò lórí tábìlì ní ibi mẹ́rin: ṣóńṣó, ìdí, òsì àti ọ̀tún. Ẹ máa tún un tò títí ìyàtọ̀ wọn á fi kéré. Iṣẹ́jú márùn-ún lórí òkúta kan kò pọ̀ jù.

Láti fọ́tò sí òjìji

Ohun tí Momocs fẹ́ ni òjìji dúdú lórí funfun, òkúta kan nínú fáìlì kan. Nínú ImageJ, ẹ kọ́kọ́ fa ìlà lórí mìlímítà 50 lára rúlà, kí ẹ fi Set Scale gba iye píksẹ́lì tó wà nínú mìlímítà kan. Ẹ kọ iye náà sílẹ̀ fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ẹ gé rúlà kúrò, ẹ sọ àwòrán di 8-bit, ẹ lọ sí Threshold, tó ń ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun, kí ẹ sì lo Fill Holes láti dí ihò inú rẹ̀. Ẹ fi àyè funfun sílẹ̀ yí òkúta ká. Kò gbọ́dọ̀ kan etí àwòrán.

Ẹ sún àwòrán mọ́ra kí ẹ fojú rìn yípo etí kọ̀ọ̀kan. Fọ́nrán àrán máa ń lẹ̀ mọ́ etí bí irun. Ibi tí flint ti ń dán lè di funfun, kí ó sì ya etí wọnú. Òjìji gílóòbù lè lẹ̀ mọ́ ìdí òkúta, kó sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀ ìdí. Ẹ fi ìwọ̀n ìyàtọ̀ dúdú-funfun kan náà ṣe gbogbo òkúta tí ẹ yà lábẹ́ iná kan náà. Ẹ má máa yí i fún ọ̀kọ̀ọ̀kan títí tí yóò fi wù yín.

Orúkọ fáìlì gbọ́dọ̀ ní òdo níwájú: BOX_002, BOX_010. Tí ẹ bá kọ BOX_2 àti BOX_10, kọ̀ǹpútà á to BOX_10 ṣáájú BOX_2, tábìlì yín á yà kúrò lára àwòrán yín, R kò sì ní pariwo. Àáké Boxgrove á wá máa jẹ́ orúkọ Cuxton, ibòmíràn tí wọ́n ti rí àáké ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Nínú R

Ẹ ṣe tábìlì kan tí ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ òkúta kan: àmì rẹ̀, ibi tó ti wá, irú òkúta, gígùn, fífẹ̀, nínípọn, iye píksẹ́lì nínú mìlímítà, àti bó bá ṣẹ́. Lẹ́yìn náà:

`library(Momocs)`
`lf <- list.files("ojiji", pattern = "jpg$", full.names = TRUE)`
`tabili <- read.csv("tabili.csv", stringsAsFactors = TRUE)`
`aake <- Out(import_jpg(lf), fac = tabili)`
`stopifnot(all(names(aake) == as.character(tabili$ami)))`

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ló ń ṣọ́ àṣìṣe orúkọ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má yọ ọ́.

`titobi <- sapply(aake$coo, coo_centsize) / tabili$piksẹli` máa fún yín ní títóbi òkúta kọ̀ọ̀kan ní mìlímítà. (Ẹ kọ orúkọ òpó inú tábìlì láìsí àmì abẹ́ tàbí àmì ohùn tí R bá ń bá yín jà.) Ẹ gbọ́dọ̀ gbà á nísinsìnyí, torí ìgbésẹ̀ tó kàn máa pa títóbi rẹ́ kó lè ku ìrísí nìkan:

`aake <- coo_center(aake)`
`aake <- coo_scale(aake)`
`aake <- coo_slidedirection(aake, "up")`
`pile(aake)`

`pile` máa to gbogbo òjìji lé ara wọn. Èyí tó bá dorí kodò tàbí tó dùbúlẹ̀ á yọ láàárín wọn kíá. Ẹ wo èyí kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ìlànà tí Kuhl àti Giardina gbé kalẹ̀ lọ́dún 1982 ló ń sọ ìlà etí di nọ́ńbà. Ó ń kọ́ ìlà náà ní ìpele-ìpele, gẹ́gẹ́ bí agbẹ́gilére ṣe ń ti ọnà lílé bọ́ sí àlétúnlé, sí dídán, kó tó kan fínfín. Ìpele àkọ́kọ́ kàn jẹ́ roboto gígùn kan. Ìpele kejì, ìkẹta àti ìkẹrin á mú ṣóńṣó àti ìdí jáde. Àwọn tó tẹ̀ lé e á mú gbúngùn-gbúngùn etí wá. Nọ́ńbà mẹ́rin ló ń ti inú ìpele kọ̀ọ̀kan jáde.

`calibrate_harmonicpower_efourier(aake, nb.h = 20)` máa sọ iye ìpele tó kó ìdá 99 nínú 100 ìrísí. Fún àáké, ó sábà máa ń wà láàárín 8 sí 15. Ẹ má lọ jù bẹ́ẹ̀: ohun tó wà lókè níbẹ̀ ni etí tó ṣẹ́ lẹ́yìn ikú ẹni tó ni àáké, àti píksẹ́lì. Ká ní ẹ mú 12:

`ef <- efourier(aake, nb.h = 12, norm = FALSE)`

`norm = FALSE` yẹn kì í ṣe ohun tí a kàn fi síbẹ̀. Tí ẹ bá kọ TRUE, kọ̀ǹpútà á fi ìpele àkọ́kọ́ yí òkúta kọ̀ọ̀kan sí ibi tó rò pé ó tọ́. Lára òkúta roboto, ìpele àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òbìrí, kọ̀ǹpútà kò sì ní mọ òkè yàtọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Á dojú àwọn kan dé, ẹ ó sì rí ẹgbẹ́ méjì lórí àwòrán tí ẹ máa rò pé ẹ̀yà àáké méjì ni. Bí ẹ bá ti fi ọwọ́ ara yín tò wọ́n dáadáa lórí tábìlì, ẹ kò nílò rẹ̀.

`p <- PCA(ef)`
`plot_PCA(p, ~ibi)`

PCA máa ń kó gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyẹn jọ sórí ìlà díẹ̀, èyí tó fi ìyàtọ̀ tó tóbi jù hàn ló máa ń ṣáájú. Lára àáké, ìlà àkọ́kọ́ nínú àwòrán yìí sábà máa ń jẹ́ gígùn sí fífẹ̀, èkejì sì máa ń jẹ́ bí ẹnu ṣe ṣe ṣóńṣó tó. Àmọ́ ẹ wo àwọn òjìji kékeré tí Momocs yà sẹ́yìn àwọn àmì náà kí ẹ tó fún ìlà kankan lórúkọ. Lẹ́yìn náà ẹ fi 0.350 àti 0.550 ti Roe wò ó: bí àwọn tí kalípà pè ní ẹlẹ́nu ṣóńṣó bá fọ́n káàkiri láìnídìí, ẹ padà sí orí fọ́tò.

`MANOVA(p, ~ibi)` máa sọ bóyá ìyàtọ̀ láàárín ibi kan àti òmíràn ju ohun tó lè ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ lọ. `LDA(p, ~ibi)` máa gbìyànjú láti dá òkúta kọ̀ọ̀kan padà síbi tó ti wá. Ẹ ka èsì tó yọ òkúta náà kúrò kó tó dá a padà, ẹ má ka èyí tó ti rí i tẹ́lẹ̀. Ká ní 80 nínú òkúta 100 wá láti ibì kan. Ẹni tó bá kàn pe gbogbo wọn ní ti ibẹ̀ ti gba ìdá 80 láìṣe iṣẹ́ kankan. Nítorí náà ìdá 82 kò já mọ́ nǹkan.

Kí ẹ tó sọ pé àṣà ni

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìwádìí ti ń kù díẹ̀ káàtó. Àáké Boxgrove pọ̀ ní roboto, ti Cuxton ní Kent sì ní ẹlẹ́nu ṣóńṣó púpọ̀. Ó rọrùn láti sọ pé àwùjọ méjì tó ní àṣà ọ̀tọ̀ ló ṣe wọ́n. Awalẹ̀pìtàn Mark White jiyàn lọ́dún 1998 pé ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ló fà á: flint tó dára tó sì tóbi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ẹfun wá, gba kí ènìyàn ṣá a yípo; òkúta gígùn tinrin láti inú yanrìn odò kò gbà bẹ́ẹ̀. Shannon McPherron, awalẹ̀pìtàn mìíràn, ní tiẹ̀ sọ pé bí wọ́n ṣe ń pọ́n àáké kan ní àpọ́ntúnpọ́n ni ìrísí rẹ̀ ń yí padà.

Ẹ dán èyí wò fúnra yín. `summary(lm(p$x[,1] ~ log(titobi)))` máa sọ bóyá ìrísí ń bá títóbi rìn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wo ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, torí àáké kékeré lè jẹ́ èyí tí wọ́n ti pọ́n tán. Ẹ fi irú òkúta sínú ìṣirò náà pẹ̀lú. Bí ìyàtọ̀ ibi bá ṣì dúró lẹ́yìn títóbi àti irú òkúta, ẹ ti ní ohun gidi kan lọ́wọ́.

Ẹ sì wọn àṣìṣe ara yín. Ẹ mú òkúta 10, ẹ tò ó, ẹ yà á, ẹ gbé e kúrò pátápátá. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn, lẹ́ẹ̀mẹta lápapọ̀. Àmì mẹ́ta ti òkúta kan náà gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn lórí àwòrán PCA. Ìlà èyíkéyìí tí wọ́n bá ti fọ́n jìnnà síra lórí rẹ̀, ẹ má fi kọ ohunkóhun.

Ohun tí òjìji kò lè rí

Òjìji kò mọ nínípọn, kò sì mọ àáké tí etí rẹ̀ lọ́. Ìyẹn ń béèrè àwòrán 3D, tó ní gígùn, fífẹ̀ àti nínípọn. Ẹ gbé òkúta lé pẹpẹ tó ń yí, ẹ yà á ní gbogbo ìwọ̀n 10, ìyẹn fọ́tò 36 ní yípo kan, yípo mẹ́ta ní gíga ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ wá yí òkúta padà kí ẹ tún un ṣe. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Meshroom á so wọ́n pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Òkúta tí iná ń là kọjá, bíi quartz àti obsidian, kì í gbọ́ràn sí ọ̀nà yìí. AGMT3-D, ètò kọ̀ǹpútà tí Herzlinger àti Grosman gbé jáde lọ́dún 2018, ló ń ṣe ìṣirò ìrísí 3D yẹn.

Fún àwọn òkúta ilẹ̀ wa

Ní Ihò Eléérú nítòsí Àkúrẹ́, tí awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw wú lọ́dún 1965, àwọn òkúta kéékèèké tí wọ́n ń kì bọ igi ló pọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe àáké ńlá. Èyí tó rí bí ilà oṣù kò ní ṣóńṣó kan pàtó, nítorí náà ẹ fi ìgun ibi tí etí títọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ṣe ibi ìbẹ̀rẹ̀ fún gbogbo wọn, kí ẹ sì lo lẹ́ńsì 100mm tó lè súnmọ́ nǹkan kékeré.

Ẹdùn àrá, ìyẹn àáké òkúta dídán tí wọ́n ń tọ́jú ní ojúbọ Ṣàngó, dára púpọ̀ fún iṣẹ́ yìí, torí etí rẹ̀ mọ́ kedere. Àmọ́ ó ní ẹni tó ni ín. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ àwọn Mọ́gbà tàbí ìdílé tó ń tọ́jú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbé e sórí aṣọ, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má fi pláásítisínì sábẹ́ rẹ̀ rárá. Ìrẹsì díẹ̀ nínú àpò aṣọ kékeré lè gbé e dúró. Bí wọ́n bá ní àwọn kò fẹ́ kí fọ́tò jáde, ẹ gbé nọ́ńbà nìkan jáde. Ẹ má kọ orúkọ àgbolé sínú tábìlì tí ẹ máa fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí àwọn tó ń jí nǹkan ojúbọ tà náà ń ka tábìlì. Èyí tó bá sì ṣì wà nínú ilẹ̀, ẹ má wú u láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ kọ ibi tó wà sílẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn.